Orúkọ Ta Ni Yóò Wà Nísàlẹ̀ Ìwé Náà?

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi ìwé kíkọ jẹun ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, tí àwọn Gùn tí a jọ ń gbé sì ń pè ní Hogbonu. Tábìlì mi wà lábẹ́ igi furúùtù kan, kò jìnnà sí ilé ẹjọ́. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé, tàbí tí ó gbọ́ ọ ṣùgbọ́n tí ẹ̀rù ìwé ìjọba ń bà, ọ̀dọ̀ mi ni ó ń wá. Mo ń kọ ìwé ẹ̀sùn lórí ilẹ̀, mo ń kọ ìwé tí ìyá fi ń wá ìwé ìbí ọmọ rẹ̀, mo ń kọ ìwé tí òṣìṣẹ́ tí wọ́n dá dúró fi ń bèèrè owó oṣù rẹ̀. 500 fránkì ni mo ń gbà lórí ojú ìwé kan, bí owó kò bá sì sí lọ́wọ́ ẹni náà, a óò jọ rẹ́rìn-ín sí i. Ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi ju ohun gbogbo lọ ni pé kò sí ìwé tí kò ní ìsàlẹ̀. Òkè ìwé rọrùn láti kọ, nítorí pé ẹ̀dùn ọkàn, ìbínú àti òfin ni a ń kó síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni orúkọ ń gbé, ibẹ̀ sì ni ọwọ́ ènìyàn ti máa ń gbọ̀n.

Ọmọkùnrin kan wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún Iléyá. Aránṣọ ni. Kò jókòó títí àwọn méjì tí ó bá níwájú mi fi lọ tán, nígbà tí ó sì jókòó, ohun tí ó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ nídìí tábìlì yìí máa ń dé etí ẹlòmíràn. Mo ní kì í dé ibì kankan. Ó ní onílé òun ti ní kí òun kó jáde láàrin ọjọ́ mẹ́ta, pé ó ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀, nítorí pé àwọn ará àdúgbò ń sọ̀rọ̀ nípa òun àti ọ̀rẹ́ òun kan tí ó máa ń sùn sọ́dọ̀ òun. Kò sọ ohun tí wọ́n ń sọ, èmi náà kò sì bèèrè. Ọ̀rọ̀ tí ìgboro ń lò fún ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin, èébú ni, n kò ní kọ ọ́ síbí. Èyí tí àwọn onírédíò ń mú wá láti inú Faransé kò tíì rọ̀ lẹ́nu wa. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ ni ọkùnrin tí ó ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin tí ó ń fẹ́ obìnrin, àti ẹni tí ara tí wọ́n fi bí i kò bá ẹni tí ó mọ ara rẹ̀ sí mu. Ó gùn, ṣùgbọ́n kò bú ẹnikẹ́ni.

“Bàbá Akọ̀wé,” ó ní, “ẹ jọ̀ọ́, mo gbọ́ lórí rédíò pé ẹnikẹ́ni tí ó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí lè kọ̀wé sí ilé ẹjọ́ ńlá tí ó wà ní Kútọnu láì san owó kankan. Ṣé òótọ́ ni?”

Òótọ́ ni, ó sì jẹ́ ohun kan tí mo máa ń fi yangàn níwájú àwọn ará Nàìjíríà tí wọ́n bá bá mi jókòó. Òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí a fọwọ́ sí ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990, sọ nínú ẹsẹ̀ 3 rẹ̀ pé ọmọ ilẹ̀ èyíkéyìí ni ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé òfin, àṣẹ tàbí ìṣe ìjọba tí ó bá lòdì sí òfin ìpìlẹ̀ lọ síwájú ilé ẹjọ́ tí ń dáàbò bò ó. Adájọ́ méje ni ó wà níbẹ̀. Kò di dandan kí ènìyàn ní agbẹjọ́rò, kò sì di dandan kí ó mọ ẹnìkan. Ẹsẹ̀ 26 sọ pé ìjọba ni yóò rí i pé gbogbo ènìyàn dọ́gba níwájú òfin, láì wo orírun, ẹ̀yà, akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, èrò òṣèlú tàbí ipò láwùjọ. Ẹsẹ̀ 36 lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé àwa ará ìlú gan-an ni ó bá wí: ó ní ojúṣe ọmọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni láti bọ̀wọ̀ fún ọmọnìkejì rẹ̀ láì ṣe ìyàtọ̀ kankan. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn sì jẹ́ ara òfin ìpìlẹ̀ yìí bákan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ 7 ti wí.

Kì í sì í ṣe ilé ẹjọ́ tí ń bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún 2002, ó dá òfin ìdílé padà fún àwọn aṣòfin, ó ní bí ọkùnrin bá lè ní ìyàwó púpọ̀ lábẹ́ òfin nígbà tí obìnrin kò lè ní ju ọkọ kan lọ, a kò lè pe ìyẹn ní ìdọ́gba. Ìpinnu náà kò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ bàbá ní Àjàṣẹ́ nínú, mo sì mọ púpọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 2009, ó fagi lé àwọn ẹsẹ̀ òfin panṣágà àtijọ́, èyí tí ó fi ìyà líle jẹ obìnrin ṣùgbọ́n tí ó fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mú ọkùnrin. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, ìpinnu rẹ̀ ni ó mú ìdájọ́ ikú kúrò láàrin wa. Nítorí náà, nígbà tí ọmọkùnrin yìí bi mí, mo dá a lóhùn pẹ̀lú ìdùnnú ẹni tí iṣẹ́ gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá. Mo kọ ojú ìwé méjì. Mo to ẹsẹ̀ 26 lé ẹsẹ̀ 36, mo fi ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà tì í lẹ́yìn, mo sì rántí ìpinnu 275 tí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ṣe ní Luanda ní ọdún 2014, tí ó ní kí àwọn ìjọba dáwọ́ ìwà ipá dúró lórí àwọn ènìyàn tí wọ́n ń dààmú nítorí ẹni tí wọ́n ń fẹ́ tàbí irú ẹni tí wọ́n mọ ara wọn sí. Mo kà á fún un sí etí. Ó ní ó dára gan-an.

Lẹ́yìn náà ni a dé ìsàlẹ̀. Ìlànà ilé ẹjọ́ náà ṣe kedere: kí ìwé ọmọ ilẹ̀ tó lè jẹ́ ìtẹ́wọ́gbà, ó gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìdílé rẹ̀, orúkọ rẹ̀ gan-an, àdírẹ́sì rẹ̀ tí kò ní tàbí-ṣùgbọ́n nínú, àti ìbuwọ́lùwé tàbí ìtẹ̀ka rẹ̀. Bí àwọn adájọ́ bá sì ti ṣe ìpinnu, ohun tí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó kọ̀wé àti ibi tí ó ń gbé, gbogbo ayé ni yóò sì lè kà á.

Ọmọkùnrin náà wo àlàfo tí mo fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé fún ìgbà pípẹ́. “Bàbá, ṣé dandan ni kí orúkọ mi wà níbẹ̀?” Mo ní dandan ni. Ó fọwọ́ pa ìwé náà bí ẹni tí ń na aṣọ tí ó fẹ́ gé, ó wá tì í padà sí ọ̀dọ̀ mi. “Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ ná.” Ó dìde, ó bọ́ sẹ́yìn zem kan, ọ̀kadà tí ń gbé èrò, ó lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń ta aṣọ ní ọjà Wándó, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé yóò bá mi jiyàn lórí ẹ̀sìn. Ohun tí ó bi mí ni, “Ọmọ ta ni?” Mo ní n kò ní sọ. Ó mi orí. “Ìwọ kò ní sọ fún èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣùgbọ́n o fẹ́ kí ó sọ fún adájọ́ méje àti fún gbogbo Kútọnu. Bí ó bá kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀, ṣé orúkọ tirẹ̀ nìkan ni?” N kò rí èsì fọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, nínú ìwé tí a jogún lọ́wọ́ Faransé sì rèé, orúkọ ìdílé ni ó ń ṣíwájú, tí a ń fi lẹ́tà ńlá kọ, kí orúkọ ẹni náà tó tẹ̀ lé e. Ní Àjàṣẹ́ níbí, bí o bá dá orúkọ ìdílé mẹ́wàá fún mi, mo lè sọ agboolé mẹ́jọ nínú wọn fún ọ, mo lè sọ mọ́sálásí tí wọ́n ti ń kírun àti ẹni tí ó gba ọmọ wọn níyàwó. Àlàfo tí mo fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé náà, tí mo pè ní àyè orúkọ ènìyàn kan, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ tí wọn kò tíì lọ́kọ wà níbẹ̀, bàbá àgbà tí ó ti kú pàápàá wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ni kò jẹ́ kí n sùn, òun sì ni ó mú mi lọ kà nípa bí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ṣe é. N kò wá ẹni tí n óò fara wé. Ohun tí mo ń wá ni ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìwé, àti ẹni tí ó dúró tì í nígbà tí ó ń kọ ọ́.

Ilẹ̀ wọn kò rí bí tiwa. Àádọ́ta ìpínlẹ̀ ni wọ́n ní, ìkọ̀ọ̀kan ní ìwé òfin ìpìlẹ̀ tirẹ̀, aṣòfin tirẹ̀ àti ilé ẹjọ́ gíga tirẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní ìhà kan odò lè má jẹ́ nǹkan kan ní ìhà kejì. Illinois mú ìbálòpọ̀ àgbàlagbà ọkùnrin méjì kúrò nínú ọ̀ràn ní ọdún 1961, ṣùgbọ́n ní Texas ó ṣì jẹ́ ọ̀ràn títí di ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2003, nígbà tí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà fòpin sí i. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí nǹkan yípadà níbẹ̀ kò ní láti dúró de olú ìlú. Ó lè yan ìpínlẹ̀ kan tí ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀, kí ó gbin nǹkan síbẹ̀, kí ó sì máa wò ó.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo pàdé nínú ìwé kíkà mi yà mí lẹ́nu. Evan Wolfson ni orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1983, nígbà tí ó ṣì ń kọ́ òfin ní Harvard, ó kọ ìwé àṣekágbá rẹ̀ lórí ìdí tí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì fi yẹ kí wọ́n lè fẹ́ ara wọn lábẹ́ òfin, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an kò tíì ronú débẹ̀. Kí ó tó wọ ilé ẹ̀kọ́ òfin yẹn, Tógò ni ó ti wá gbé, pẹ̀lú àwọn Peace Corps, àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà máa ń rán lọ ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Tógò! Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kútọnu ní àárọ̀ lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán ní Lomé. Ó ti sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí òun rí ní ilẹ̀ yẹn wà lára ohun tí ó la òun lójú pé àwùjọ tí ènìyàn bá bọ́ sí ni ó ń pinnu irú ayé tí ó lè gbé. Mo dá ìwé kíkà dúró níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ní Hawaii, ní oṣù Kejìlá ọdún 1990, àwọn méjì-méjì mẹ́ta, ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin tàbí obìnrin pẹ̀lú obìnrin, lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti gba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó, wọn kò fún wọn. Àwọn àjọ ńlá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ fà sẹ́yìn, wọ́n ní àkókò kò tíì tó. Agbẹjọ́rò kan ní ìlú náà, Dan Foley, ni ó gbé ẹjọ́ náà lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1993 ilé ẹjọ́ gíga Hawaii sọ pé kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún wọn jọ ìyàtọ̀ tí a ṣe nítorí akọ tàbí abo, pé kí ìjọba wá fi ìdí pàtàkì hàn. Ìbẹ̀rù gba gbogbo ilẹ̀ náà kan. Ní ọdún 1998 àwọn ará Hawaii fi ìbò yí ìwé òfin wọn padà kí ẹjọ́ náà má baà lè so èso. Ó di ọdún 2013 kí àwọn aṣòfin ibẹ̀ tó fọwọ́ sí irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, ó sì ju ogún ọdún lọ lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn dúró níwájú kóńtà.

Obìnrin kan tí ọ̀nà tirẹ̀ wù mí jù ni Mary Bonauto, agbẹjọ́rò ní àjọ GLAD ní Boston, tí ń gba ẹjọ́ irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí rò. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọdún 1990, àwọn kan wá bá a pé kí ó bá àwọn pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìgbéyàwó. Ó kọ̀. Kì í ṣe pé kò gbà pé wọ́n jàre. Ó mọ̀ pé wọn yóò pàdánù, pé ìpàdánù náà yóò sì di òfin lórí ẹlòmíràn. Ó dúró títí ọdún 1997 kí òun àti agbẹjọ́rò méjì ní Vermont tó gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999 ilé ẹjọ́ Vermont ní kí àwọn aṣòfin fún àwọn ènìyàn náà ní gbogbo ẹ̀tọ́ tí tọkọtaya ń jẹ. Lẹ́yìn náà ni ó padà sí Massachusetts, ní ọdún 2001, pẹ̀lú àwọn méjì-méjì méje. Èmi tí mo kọ ojú ìwé méjì fún ọmọ ọlọ́mọ ní wákàtí kan, tí inú mi sì ń dùn, mo ka ìtàn obìnrin yìí, ojú tì mí.

Ohun tí ó wà nínú ẹjọ́ Massachusetts jẹ́ ohun tí akọ̀wé bíi tèmi lè mọ̀ dájú. Julie Goodridge bímọ, ìbí náà le, wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí rẹ̀. Ó ṣòro fún Hillary, tí wọ́n jọ ń gbé, láti wọlé rí ìyá àti ọmọ ní ilé ìwòsàn, nítorí pé lórí ìwé, kò jẹ́ nǹkan kan sí wọn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 2003, adájọ́ mẹ́rin nínú méje dá wọn láre. Ní Ohio, ìwé ẹ̀rí ikú ni ó dá ẹjọ́ sílẹ̀. John Arthur ní àrùn tí ń pa iṣan ara díẹ̀díẹ̀, kò lè dìde mọ́. Òun àti Jim Obergefell gba ọkọ̀ òfuurufú aláìsàn lọ sí Maryland ní oṣù Keje ọdún 2013, wọ́n ṣe ìgbéyàwó wọn nínú ọkọ̀ náà lórí pápá, wọ́n sì padà sílé. Agbẹjọ́rò kan ní ìlú wọn, Al Gerhardstein, mú fọ́ọ̀mù ìwé ẹ̀rí ikú tí a kò tíì kọ nǹkan kan sí wá bá wọn, ó fi àyè tí wọn yóò kọ orúkọ ẹni tí olóògbé fẹ́ sí hàn wọ́n, ó ní Ohio kò ní kọ orúkọ Jim síbẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, John kú. Ẹjọ́ lórí àlàfo kékeré yẹn ni ó dàgbà títí tí ó fi di ìdájọ́ gbogbo Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà ọdún 2015, Bonauto sì wà lára àwọn tí ó dúró sọ̀rọ̀ níwájú àwọn adájọ́ náà.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀nà títẹ́jú ni wọ́n gbà. Ní ọdún 2004 nìkan, ìpínlẹ̀ 13 fi ìbò kọ ọ́ sínú ìwé òfin wọn pé ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni ó lè fẹ́ ara wọn. Ní Iowa, àwọn adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga fẹnu kò ní ọdún 2009, wọ́n dá àwọn olùpẹ̀jọ́ láre, nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá ọdún 2010, àwọn ará ìlú fi ìbò yọ mẹ́ta nínú wọn kúrò níṣẹ́. Àwọn náà fi orúkọ wọn sí ìsàlẹ̀ ìwé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbéyàwó ni ọmọkùnrin mi bèèrè. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni ó ń wá. Nígbà tí mo tún ìwé mi kà ni mo rí i pé mo ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gun òkè ju ibi tí òun fẹ́ kí ó dé. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ọ̀rọ̀ ilé àti iṣẹ́ ṣáájú ọ̀rọ̀ ìyàwó. Wisconsin ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó ṣe òfin ní ọdún 1982 pé a kò gbọdọ̀ torí ẹni tí ènìyàn ń fẹ́ lé e kúrò níbi iṣẹ́ tàbí kí a fi ilé dù ú. Ṣùgbọ́n ó di oṣù Kẹfà ọdún 2020 kí ilé ẹjọ́ tí ó ga jù tó sọ pé òfin iṣẹ́ ọdún 1964, tí kò mẹ́nu kan irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí rárá, ti dáàbò bò wọ́n tipẹ́tipẹ́, nítorí pé a kò lè fìyà jẹ ọkùnrin torí pé ó fẹ́ ọkùnrin láì jẹ́ pé akọ tí ó jẹ́ ni a wò. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ni ó ní ẹjọ́ náà. Méjì nínú wọn ti kú kí ìdájọ́ tó jáde.

Nígbà tí ọmọkùnrin náà padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń sùn lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan lọ́nà Àjárá, mo ní kí ó jẹ́ kí a kọ ìwé mìíràn. Onílé rẹ̀ ni a kọ ọ́ sí. A kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀rẹ́, a kò sọ nǹkan kan nípa ará àdúgbò. A sọ pé ayálégbé ni, pé kò jẹ owó ilé, pé òfin ọdún 2018 lórí ilé gbígbà kò fún onílé láàyè láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé ènìyàn jáde láì sí ìwé ìkìlọ̀ àti láì sí àṣẹ adájọ́, pé ẹ̀rọ ìránṣọ sì jẹ́ ohun èlò iṣẹ́ oojọ́ rẹ̀. Ó bu ọwọ́ lù ú láì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Orúkọ ìdílé rẹ̀ wà níbẹ̀, ní lẹ́tà ńlá, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ọjọ́ kẹrin, onílé gbé ẹ̀rọ náà sórí ọmọlanke, ó fi ránṣẹ́ sí i. Yàrá náà ni kò padà sí.

Inú mi dùn, inú mi kò sì dùn. Ìwé kejì yẹn ṣiṣẹ́ nítorí pé ó dákẹ́. Onílé náà mọ ohun tí ó ṣe, aránṣọ náà mọ ọ́n, èmi pẹ̀lú mọ ọ́n, a jọ fi òfin owó ilé bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń fi aṣọ bo orí kí òjò má baà pa á. Àwọn kan yóò ní ọgbọ́n nìyẹn. Mo gbà pé ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n bí onílé mìíràn bá tún ṣe irú rẹ̀ lọ́la sí ẹni tí ó jẹ owó ilé oṣù kan péré, ìwé mi kò ní lè ràn án lọ́wọ́.

Bí ilẹ̀ wa ṣe wà náà nìyẹn. Ìwé òfin ìjìyà tí a ṣe ní ọdún 2018 kò ka ìfẹ́ láàrin àgbàlagbà ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì sí ọ̀ràn. Òfin ìdílé kò gbà pé wọ́n lè fẹ́ ara wọn. Láàrin méjèèjì, òfin panu mọ́. Ẹ wo àwọn tí ó yí wa ká. Ní ìlà-oòrùn, òfin Nàìjíríà tí ààrẹ wọn fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 sí ìgbéyàwó irú yìí, àti ọdún 10 sí dídá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní ọdún 2018 ọlọ́pàá mú àwọn ọkùnrin ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ní Èkó, 47 nínú wọn ni wọ́n gbé lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 adájọ́ da ẹjọ́ náà nù nítorí pé ìjọba kò lè mú ẹlẹ́rìí wá. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà àwọn oníròyìn ti kọ́kọ́ rí ojú wọn, àwọn ènìyàn wọn níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ pàápàá rí i lórí fóònù. Ẹjọ́ tí a dà nù kò lè da ìyẹn nù. Ní ìwọ̀-oòrùn, ìwé òfin Tógò ní ẹ̀wọ̀n tí ó lè dé ọdún 3. Ní àríwá, Burkina Faso, tí kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣe é ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 sí 5 sí i. Àwọn náà ń gbé nínú ìdákẹ́jẹ́ òfin tẹ́lẹ̀, bí tiwa.

Ilé àwọn aṣòfin wa wà ní Àjàṣẹ́ níbí, nínú ààfin àwọn gómìnà Faransé àtijọ́. Ẹsẹ̀ mi lè gbé mi débẹ̀ láti ìdí tábìlì mi kí tíì inú ife mi tó tutù. Mo máa ń rí ọkọ̀ wọn bí ó ti ń kọjá. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, lẹ́yìn tí mo ti ka ìròyìn Burkina tán, mo mú ìwé òfin ìpìlẹ̀ jáde, mo tún ka ẹsẹ̀ 3, èyí tí mo ti kà fún ènìyàn tó ọgọ́rùn-ún. Ọmọ ilẹ̀ èyíkéyìí, ni ó wí. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìyà jẹ ni ó lè pẹjọ́, ìdí nìyẹn tí Bonauto fi ń fi ọdún púpọ̀ wá àwọn olùpẹ̀jọ́ rẹ̀. Níbí, òfin kò ní kí ó jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn. N kò lè fi orúkọ mi gbé ìtàn aránṣọ náà lọ sí Kútọnu, nítorí pé ìtàn náà kì í ṣe tèmi, kò sì fún mi. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọkùnrin àti obìnrin inú ààfin yẹn bá ṣe òfin bíi ti Burkina ní ọjọ́ kan, kò ní sí ìdí láti sọ ìtàn ẹnikẹ́ni. Òfin náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀sùn. Nọ́ḿbà rẹ̀, ọjọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ 26, ẹsẹ̀ 36, ó tán.

Ó kù kí ènìyàn kan fi orúkọ sí i.

Mo ti kọ ìwé náà. Ó wà nínú agolo bisikíìtì tí mo ń kó ìwé sí, lórí ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin náà kò bu ọwọ́ lù. Mo fi àyè sílẹ̀ fún nọ́ḿbà òfin náà àti ọjọ́ rẹ̀, nítorí pé kò tíì sí. Mo kọ àdírẹ́sì mi, mo kọ orúkọ tí bàbá mi fún mi. Nígbà tí mo dé orúkọ ìdílé, mo ronú kan ẹ̀gbọ́n mi ní Wándó, mo ronú kan ọmọbìnrin mi tí àwọn àna rẹ̀ kò rọrùn, mo gbé bírò sílẹ̀, mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọ́.